Ọtí Tí Wọ́n Gbé Síwájú Mi Lórí Òkè Yìnyín

Àwọn kan wà nínú ẹbí wa tí wọ́n ń sọ ọ́ kiri títí dòní pé èmi ni mo ba ohun rere jẹ́. Wọ́n ní àbúrò mi mú mi lọ sí òkè òkun, ó tọ́jú mi bí ọba, mo sì padà wálé wá fi ibi san án fún un. Wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìsìnkú, wọ́n ń sọ ọ́ níbi ìkómọ. N kì í dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n mo ti darúgbó báyìí, ọwọ́ mi ṣì lè di bírò mú, ojú mi sì ṣì ń ríran bí mo bá lo awò ojú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó jókòó.

Kóòtù ló kọ́kọ́ wọlé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Mo jókòó sí ìloro ilé ọkọ mi ní Èmùré, mò ń ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì, nígbà tí ọkọ̀ kan dúró lójúde. Ọbàkan mi sọ̀ kalẹ̀, ó gbé kóòtù onírun kan sápá bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Bàbá kan náà ló bí wa, ìyá wa yàtọ̀. Ìyá tèmi ni ìyàwó àgbà, obìnrin mẹ́ta ló sì bí; ìyá tirẹ̀ ló bí ọkùnrin. Ó ti pẹ́ tó ti wà ní Jámánì, ó ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà níbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wọ̀ ọ́ wò."

"Nínú oòrùn yìí?"

"Níbi tí mò ń mú yín lọ, ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ kóòtù yìí."

"Ta ló sọ fún ọ pé mò ń lọ síbì kankan?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àga, ó jókòó. "Gbogbo ìgbà tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, ẹ ń ya àwòrán òkè Álípì sára pátákó. Ẹ ò fojú rí i rí. Ẹ wá wò ó. Ẹ wá sinmi. Ṣé ó yẹ kí èmi wà láyé kí ẹ̀gbọ́n mi má gbádùn?"

Mo wo ojú rẹ̀. Nígbà tí ìyá mi ń ṣàìsàn tó pa á, ọkùnrin yìí kò fi búrẹ́dì kan ránṣẹ́. Nígbà tí ọkọ mi kú, káàdì ló fi ránṣẹ́, wọ́n sì ṣi orúkọ ọkọ mi kọ sínú rẹ̀. Kí ló wá dé tí ìsinmi mi fi di ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn? Bí ènìyàn bá rí ológbò tó ń fi omi wẹ ara eku, kò yẹ kó pè é ní ìfẹ́.

Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rò, n kò sì ṣìnà. Bàbá wa ní ilẹ̀ kan ní ẹ̀yìn ìlú Ìkẹ́rẹ́, ní ẹsẹ̀ òkè olókùúta kan. Kì í ṣe òkè tí ìlú ń ṣe ọdún rẹ̀, òkè tiwa kò lórúkọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ga, ó sì tẹ́jú lórí, odò kékeré kan sì ń ṣàn jáde ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdí igi méjì ni bàbá wa fi sílẹ̀, ìyẹn ni pé ìyá méjì ló bímọ fún un, ohun gbogbo tó ní sì gbọ́dọ̀ pín sí ọ̀nà méjì bí a bá fẹ́ pín in, ọmọ ìbáà pọ̀ níhìn-ín kó kéré lọ́hùn-ún. Ìhà odò ni ìyá mi ti ń dáko. Ó gbin obì síbẹ̀, ó gbin ata, láti ibẹ̀ ló sì ti san owó ilé ẹ̀kọ́ mi títí mo fi gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́. A kò pa ààlà sáàárín rí. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè mú ilẹ̀ náà jáde kúrò nínú ẹbí bí ìdí igi méjèèjì kò bá fi ẹnu sí i, èmi ni mo sì di ẹnu ìdí igi tiwa lẹ́yìn tí ìyá mi kú.

Ìpínlẹ̀ tuntun ni wá nígbà náà. Adó ti di olú-ìlú, gbogbo ènìyàn ló sì ń sọ̀rọ̀ ìdàgbàsókè. Ẹni tó bá ti gbé Èkó rí ń pe ara rẹ̀ ní olùdámọ̀ràn. Àwọn tó wà lókè òkun ń padà wá, wọ́n ń wo ilẹ̀ baba wọn bí ẹni ń wo ẹran tó sanra. Nítorí náà mo mọ̀ pé kóòtù náà ní ìrù lẹ́yìn. Síbẹ̀, mo gbà á. Mo lérò pé ẹni tí wọ́n bá ń gbẹ́ kòtò dè, ó dára kó lọ yẹ kòtò náà wò.

Ọsitíríà ni òkè náà wà, kò jìnnà púpọ̀ sí ìlú tí ọbàkan mi ń gbé ní Jámánì. Òun, ìyàwó rẹ̀ àtèmi ni a jọ lọ. Ọmọ Ìlawẹ̀ ni ìyàwó yìí. Ẹnu rẹ̀ dùn, "Mọ́mì" ló ń pè mí ní gbogbo ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n bí a bá ti kọjá níwájú dígí, ara rẹ̀ ló ń wò. Abúlé kékeré kan ni wọ́n mú mi dé, tí òkè yí i ká bí ẹni tó jókòó sínú odó. Hòtẹ́ẹ̀lì ni gbogbo ilé ibẹ̀, tàbí ilé tí wọ́n ti ń yá bàtà, tàbí ilé tí wọ́n ti ń mu ọtí.

Kí n sọ òtítọ́ nípa ibẹ̀, nítorí olùkọ́ ni mí, n kò sì fi ìbínú gba máàkì lọ́wọ́ ọmọ tó ṣe dáadáa rí. Ibùsùn wọn dára. Ìbora tí wọ́n fún mi fúyẹ́ bí òwú, ó sì móoru bí àyà abiyamọ. Ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ wọn móoru lábẹ́ ẹsẹ̀. N kò mọ bí wọ́n ṣe ṣe é, mo kàn dúró síbẹ̀ láàárọ̀ tí n kò fẹ́ jáde. Gbogbo ibi ló mọ́. Bí àgbàlagbà bá fẹ́ sọdá títì, ọkọ̀ á dúró.

Oúnjẹ wọn ni mo ti gba máàkì padà. Wàràkàṣì ni wọ́n fi ń bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Wọ́n á yọ́ ọ sórí ànàmọ́ òyìnbó, wọ́n á yọ́ ọ sórí búrẹ́dì, wọ́n á sì tún gbé ìkòkò rẹ̀ síwájú ènìyàn kó máa ki búrẹ́dì bọ inú rẹ̀. Ẹran wọn, wọ́n á lù ú títí á fi tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹni tó ṣẹ̀ wọ́n. Kò sí ata níbì kankan. Mo gbé ata gígún dání láti ilé nínú agolo, mo sì ń bù ú sórí oúnjẹ wọn láìtijú. Ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ fún wa bẹ̀ mí pé kí òun tọ́ ọ wò. Ó tọ́ ọ, ó wúkọ́, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì tún bù ú lẹ́ẹ̀kan sí i. Láti ọjọ́ náà ni a ti di ọ̀rẹ́. Ó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì dáadáa.

Wọ́n ní iyàrá kan tí ooru rẹ̀ tó ti ààrò, wọ́n ní kí n lọ jókòó síbẹ̀ kí eegun mi lè tú. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ọkùnrin àti obìnrin ni mo bá, wọ́n jókòó pọ̀, kò sí aṣọ lára ẹnì kan. Mo ti ilẹ̀kùn padà, mo lọ sí iyàrá mi lọ ka Sáàmù. Ìyàwó ọbàkan mi rẹ́rìn-ín títí. "Mọ́mì, ẹ ò ṣe jókòó? Wọn kì í wo ara wọn o." Mo ní, "Bí wọn kì í bá wo ara wọn, kí ló dé tí wọ́n jọ jókòó?"

Ní ti eré orí yìnyín, ìdí tí gbogbo ayé fi ń wá síbẹ̀, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì mo wò ó dáadáa. Àwọn ọmọdé ń yọ́ bọ́ láti òkè bí ẹja nínú odò, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà! Ènìyàn tó ní iṣẹ́ lọ́wọ́, tó ní ìyàwó nílé, á so pátákó méjì mọ́ ẹsẹ̀, á gun òkè lọ, á sì ṣubú wálẹ̀. Á dìde, á gbọn yìnyín nù, á tún gun òkè lọ. Mo rí i tí wọ́n fi ọmọlanke orí yìnyín gbé ọkùnrin kan kọjá, wọ́n fi bẹ́líìtì dè é mọ́ ọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tẹ̀ síbi tí ẹsẹ̀ kì í tẹ̀ sí. Kò sí ẹni tó dáwọ́ eré dúró. Ọbàkan mi ní wọ́n ti ní dókítà nítòsí. Mo ní ibi tí dókítà bá ti ń dúró dè ọ́ kí o tó ṣubú, kí o yẹra fún un.

Ohun tó kọ́kọ́ là mí lójú ni mo rí ní òwúrọ̀ kan tí mo jí gbàdúrà. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí ẹ̀rọ kan tó gùn bí ọrùn àgùfọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, ó ń tu nǹkan funfun jáde bí èéfín. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ mo bi onílé ìtura náà, ọkùnrin ńlá tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ pupa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní nígbà tí yìnyín kò bá tó, àwọn máa ń ran ojú ọ̀run lọ́wọ́. Mo jáde lọ wò ó. Lóòótọ́, ibi tí àwọn ènìyàn ti ń yọ́ bọ́ ló funfun, ṣùgbọ́n ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì koríko gbígbẹ ló wà, ó pupa bí ti ìgbà ọyẹ́ nílé. Ohun tí àwọn ènìyàn fò lójú òfuurufú wá wò, inú páìpù ni wọ́n ti ń rọ ọ́.

"Ọgbọ́n ni," ni ọbàkan mi wí.

"Mo rí i pé ọgbọ́n ni," mo wí.

Ó mú mi gun àga tó ń so lórí wáyà. Àga náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Bí ó bá ti yí dé ẹ̀yìn rẹ, á gbá ọ ní orúnkún, wàá sì jókòó bí o fẹ́ bí o kọ̀. Ó gbé wa sókè títí orí igi fi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Níbi tí n kò ti lè sọ̀ kalẹ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo òkè yìí. Kí ló fi sàn ju òkè tiwa ní Ìkẹ́rẹ́ lọ?"

"Yìnyín."

"Ẹ fi yìnyín sílẹ̀."

"Ó dáa. Òyìnbó."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́." Ó yí ojú sí mi, imú rẹ̀ ti pọ́n nítorí òtútù. "Mo ní àwọn ènìyàn tó fẹ́ fi owó sí i. Hòtẹ́ẹ̀lì ní ẹsẹ̀ òkè, ibi ìlúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, àga bí irú èyí tó máa gbé ènìyàn dé orí àpáta. Èkó á wá, Àbújá á wá. Ìkẹ́rẹ́ á di ìlú tí ayé ń bèèrè. Bàbá wa kékeré ti gbà. Ẹ̀yin nìkan ló kù."

Bàbá wa kékeré ni àbúrò bàbá wa, olórí ẹbí. Nítorí náà, ó ti lọ síbẹ̀ kó tó gbé kóòtù wá bá mi.

"Ṣé wọ́n fẹ́ yá ilẹ̀ náà lò ni, àbí wọ́n fẹ́ rà á?"

"Ta ló ń kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sórí ilẹ̀ onílẹ̀? Wọ́n máa rà á pátápátá. Bí wọ́n ṣe ṣe é níbí náà nìyẹn. Gbogbo òkè tí ẹ ń wò yìí, ilé iṣẹ́ tó ni àwọn àga yìí ti rà á lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Ẹ wo bí ìgbésí ayé wọn ṣe rí báyìí."

Mò ń wo àwọn igi lábẹ́ ẹsẹ̀ mi.

Ìyá onílé ìtura náà ṣì wà láyé. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ilé ìdáná ló máa ń jókòó sí, ó ń bó èso ápù, ojú rẹ̀ ti hunjọ bí tèmi. Mo fẹ́ràn láti lọ kí i. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà mo ní kí ọbàkan mi bá mi bi í, bóyá ọmọ ibẹ̀ ni, kí ni àwọn òbí rẹ̀ ń ṣe lórí òkè yìí kí àga àti wáyà tó dé. Ó bi í. Ìyá náà fi ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀; ó na ọwọ́ sí fèrèsé, ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni ń ṣán koríko, ó lu tábìlì, ó mi orí, ó tún lu tábìlì. Bí mo bá ní kí ọmọ kíláàsì mi kọ ọ́ sílẹ̀, á kún ojú ìwé kan.

Ọbàkan mi kọjú sí mi. "Ó ní ẹ káàbọ̀. Ó ní inú òun dùn pé abúlé àwọn ti dàgbà sókè."

"Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn?"

"Àwọn àgbà, ẹ mọ̀ wọ́n. Wọ́n máa ń tún ọ̀rọ̀ sọ."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dúró kí ọmọbìnrin tó ń gbé oúnjẹ, ẹni tó tọ́ ata mi wò, dé ìdí tábìlì mi nígbà tí àwọn tọkọtaya náà ṣì wà ní iyàrá. Mo ti mọ̀ pé ọmọ-ọmọ ìyá àgbà náà ni. Mo bi í ní gẹ̀ẹ́sì pé kí ni ìyá rẹ̀ àgbà bínú sí lánàá. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní ìyá àgbà kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé wọ́n ta òkè náà. Kò sí ẹni tó tà á. Koríko màlúù àwọn àgbẹ̀ ni gbogbo ibi tí àwọn ènìyàn ti ń yọ́ bọ́ náà. Ilé iṣẹ́ tó ni àga orí wáyà yá a lò nígbà òtútù nìkan ni, wọ́n á san ohun tí wọ́n ń san lọ́dọọdún, bí yìnyín bá ti yọ́, màlúù á padà sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ó ní bàbá ìyá àgbà ni wọ́n kọ́kọ́ bẹ̀ pé kó tà á, ó sì lé wọn jáde, ó ní ẹni tó bá ta koríko ti ta màlúù.

Mo gbé ife tíì mi sílẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀! Ohun tí àlejò tó ń dáko lórí ilẹ̀ wa ń gbé wá lọ́dọọdún, iṣu àti epo, kí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ má baà gbàgbé ẹni tó ni ilẹ̀. Àwọn òyìnbó orí òkè náà ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Ohun tó dára jù tí wọ́n fi ṣe mí lálejò níbẹ̀ nìyẹn, kò sì sí nínú ohun tí wọ́n kọ sára ògiri pé àwọn ń tà.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ti fi ìgbà pípẹ́ jókòó nínú yàrá àwọn olùkọ́, mo mọ àǹfààní kí ènìyàn mọ nǹkan kó sì máa jẹun lọ.

Ní alẹ́ tó kẹ́yìn, ọkùnrin méjì wá bá wa jẹun. Òyìnbó ni ọ̀kan, ọmọ Nàìjíríà tó wá láti Èkó ni èkejì, ó wọ kóòtù dúdú, òrùka rẹ̀ ń tàn. Ọmọ Èkó yìí bu ọ̀wọ̀ fún mi gan-an. Ó bi mí pé irú òkúta wo ni òkè wa jẹ́. Mo sọ fún un pé òkúta líle ni, irú gíráníìtì tí òjò kì í jẹ. Ó mi orí, ó ní ìyẹn dára.

Nígbà tí a jẹun tán, onílé ìtura gbé igò kan wá pẹ̀lú àwọn ife kéékèèké. Ó ń gbé e fún gbogbo tábìlì, ìṣe ibẹ̀ ni, kí oúnjẹ lè dà. Mo bi í ní orúkọ ọtí náà. Ṣínáàpù ni. Ọtí tí wọ́n fi ń gba ilẹ̀ nílé wa ni àwọn yìí fi ń tú ikùn lẹ́yìn wàràkàṣì! Bí ó bá mọ síbẹ̀ ni, ìbá jẹ́ ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n ọbàkan mi dìde, ó gbé ife tirẹ̀ sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ àdúrà ní Yorùbá. "Ilẹ̀ á tù wá lára. Ẹni tó ń bọ̀ lórí rẹ̀ kò ní í kábàámọ̀, ẹni tó yọ̀ǹda rẹ̀ kò ní í kábàámọ̀. Ohun tí a jọ fọwọ́ sí, kò ní í yẹ̀."

Mo mọ àdúrà oúnjẹ, mo mọ àdúrà ìrìn-àjò. Èyí tó gbà yẹn, àdúrà ilẹ̀ ni. Ní Ìkẹ́rẹ́, bí wọ́n bá gba àdúrà yẹn sórí ọtí, tí o ṣe àmín tí o sì mu ún, ọ̀rọ̀ ti tán. Kò sí lọ́yà tó lè tú u láàárín ẹbí. Òyìnbó náà kò mọ nǹkan kan, ó kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́. N kò ṣe àmín. Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sórí ẹsẹ̀ mi.

"Mọ́mì, ẹ kàn fẹnu kàn án," ni ìyàwó wí.

"Ẹnu mi wúwo."

"Ọtí èso lásán ni, ó dà bí oògùn."

"Mo ti lo oògùn mi."

"Háà, Mọ́mì! Ẹ fẹ́ dójú tì wá níwájú àlejò?"

"Èmi ni mo rò pé mo jẹ́ àlejò."

Ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. Ó ti ife náà sún mọ́ mi títí ó fi kan àyà mi, ó fi ife tirẹ̀ kàn án, ó gbé orí lé èjìká mi. Iná kámẹ́rà kọ mànà. Ọmọ Èkó ló yà á.

Kò pẹ́ tí a padà tí olórí ẹbí ránṣẹ́ pè mí sí Ìkẹ́rẹ́. Ọbàkan mi ti wá sílé. Nígbà tí mo wọ pálọ̀ bàbá wa kékeré, fọ́tò náà ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn, àwọn ẹbí sì ń wò mí bí ẹni tó jẹun tó nu ẹnu. Àbúrò mi obìnrin, iyèkan mi, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì le: "Ẹ ti mu ún, ẹ tún fẹ́ sé e mọ́ wa lọ́wọ́."

Bàbá wa kékeré fi ọwọ́ dá a dúró. Alàgbà ìjọ ni, ṣùgbọ́n ó mọ àṣà ilé bí ó ti mọ orin ìjọ. "Tíṣà," ó wí, "wọ́n ní o ti mu ọtí ulẹ̀ lọ́hùn-ún. Sé òótọ́ ni?"

"N kò mu ún, bàbá. Ife náà kún nínú fọ́tò. Ẹ wò ó."

"Fọ́tò kò lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀," ni ìyàwó ọbàkan mi dá sí i.

"Bẹ́ẹ̀ ni," mo wí, "kò sì lè mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí a bá fẹ́ mu ọtí ilẹ̀, kí la kọ́kọ́ ń ṣe?"

"A á ta á sílẹ̀ kí ulẹ̀ mu tiẹ̀ ná."

"Ẹ bi wọ́n bóyá ẹnì kan ta á sílẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì ni wọ́n tẹ́ síbẹ̀ láti ògiri dé ògiri. Bí ẹnì kan bá ta ọtí sí i, wọn ìbá lé wa jáde."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Bàbá wa kékeré wo ọbàkan mi. "Sé o ta á sílẹ̀?"

"Bàbá, ilé òyìnbó ni..."

"Mo bi ọ́ ni."

"Rárá, sà."

Bàbá náà gbé fọ́tò sílẹ̀ lórí itan rẹ̀. "Ọtí tí ulẹ̀ kò bá wa mu, ti ọ̀fun ni. Kì í ṣe ti ulẹ̀."

Nígbà náà ni mo sọ ohun tí mo bá lọ. Mo ní n kò ní kí hòtẹ́ẹ̀lì má wá. Kí wọ́n wá lo ilẹ̀ náà, kí wọ́n máa san ìṣákọ́lẹ̀ fún ìdí igi méjèèjì lọ́dọọdún, kí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ wa, bí àwọn àgbẹ̀ orí òkè tí ọbàkan mi mú mi lọ náà ti ń ṣe. Mo sọ ti màlúù àti ti yìnyín tó ń yọ́. Ọbàkan mi ti fò dìde kí n tó dé ìparí.

"Ta ló sọ ìyẹn fún yín?"

Kò sọ pé irọ́ ni. Ta ló sọ fún mi ni ó ń bèèrè. Gbogbo pálọ̀ gbọ́ ọ. Bàbá wa kékeré wò ó títí tí ó fi jókòó padà.

"Wọn kò ní í gbà," ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Àwọn tó fẹ́ fi owó sí i kò fẹ́ ìṣákọ́lẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ilẹ̀ jẹ́ tiwọn."

"Nígbà náà, kí oníkálukú mú tirẹ̀," ni bàbá wa kékeré wí.

Bí a ṣe pín in ní ìdí igi nìyẹn. A gbin pèrègún láti ẹsẹ̀ àpáta dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ìhà odò jẹ́ tiwa, ìhà àpáta jẹ́ tiwọn. Wọ́n ta tiwọn. Iyèkan mi kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó ní mo lé oúnjẹ kúrò lọ́wọ́ òun.

Hòtẹ́ẹ̀lì kò wá. Ọkọ̀ ńlá ló wá, àwọn akatapílà tẹ̀ lé e, wọ́n gbé ẹ̀rọ afọ́kùúta kalẹ̀ sí ẹsẹ̀ àpáta. Ọmọ Èkó olórùka yẹn ni mo rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ kan, ó ń na ọwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nígbà tó rí mi ó dọ̀bálẹ̀. Gíráníìtì ni wọ́n wá kó.

Nígbà tí fóònù alágbèéká dé ọ̀dọ̀ wa, ọbàkan mi pè mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n tàn mí jẹ." Mo bi í pé ṣé ó lè wá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú bàbá wa kékeré kó sì fọwọ́ lé Bíbélì. Lẹ́yìn náà n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ó lè jẹ́ pé ìlà ló já, ó lè jẹ́ pé òun ló pa á. Ìyàwó rẹ̀ wá ń sọ kiri pé èmi ni mo fà á: bí mo bá fi ìhà odò sí i ni, hòtẹ́ẹ̀lì ni wọn ìbá kọ́, ìgbà tí kò sí omi ni ilẹ̀ náà kò wúlò fún nǹkan mìíràn ju òkúta lọ. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ẹbí ń sọ níbi ìkómọ nìyẹn. Mo ti gbé e yẹ̀ wò tọ̀sán tòru. Mo ti gbà á gbọ́ ní ọjọ́ méjì mẹ́ta, mo sì ti kọ̀ ọ́ ní ìyókù. Ẹni tó ń wá ibi tí yóò kọ́ hòtẹ́ẹ̀lì sí, kí ló fẹ́ fi irú òkúta ṣe?

Mo ṣì ń lọ sí ilẹ̀ ìyá mi. Obìnrin Àìsẹ̀gbá kan ló ń dáko níbẹ̀ fún mi, ata rẹ̀ ń so, ṣùgbọ́n eruku afọ́kùúta ti bo ewé obì funfun, ó sì di dandan kí a fọ gbogbo ata kí a tó gbé e lọ sọ́jà. Bí wọ́n bá fẹ́ fọ́ àpáta, wọ́n á kọ́kọ́ fun fèrè. Ẹni tó bá gbọ́ ọ, kó sá jáde dé ojú ọ̀nà, nítorí òkúta ń fò kọjá pèrègún. Láìpẹ́ yìí mo jókòó lábẹ́ obì tí ìyá mi gbìn, fèrè dún. Obìnrin náà gbé agbọ̀n rẹ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká lọ."

"Máa lọ. Ilẹ̀ mi ni mo jókòó sí."

Ó lọ díẹ̀, ó padà, ó fà mí lápá. "Ìyá, òkúta kò mọ onílẹ̀ o."

Mo dìde. A jọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà láàárín àwọn tó ń kọjá, a fi ìborùn bo imú, à ń retí kí ọmọkùnrin tó di àsíá pupa mú ní ìhà ọ̀hún sọ fún wa pé a lè padà.